Àyè Ẹni Kẹrin

"Ẹ má gbé òjé ìwọ̀ ńlá yẹn dání," ni Làtíìfù wí. "Omi adágún kì í sáré. Òjé kékeré ti tó, kí ẹja má baà fura."

Habeebullah ọmọ rẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú fóònù. Àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ náà méjì, Yaqub àti Kọ́lápọ̀, jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n tẹ́ máàpù Morocco sílẹ̀ níwájú wọn, wọ́n sì gbé ife tíì lé igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó má baà ká. Ọjọ́ Àìkú kẹfà rèé tí wọ́n ń pàdé nínú pálọ̀ Làtíìfù ní Peckham, ní London, lẹ́yìn ìrun àílà, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì ń sọ, ọ̀rọ̀ ìrìnàjò ẹja pípa ní aṣálẹ̀.

Ibi tí wọ́n ń lọ kì í ṣe ibi tí èèyàn ń ṣèèṣì dé. Wọ́n á wọ bàálù dé Marrakech, wọ́n á gba jíìpù níbẹ̀, wọ́n á wakọ̀ fún ọjọ́ kan àtààbọ̀, wọ́n á gun òkè, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sínú aṣálẹ̀, títí wọ́n á fi dé adágún ńlá kan tí ìjọba fi kọnkéré sé láyé àtijọ́. Kò sí ilé níbẹ̀, kò sí ṣọ́ọ̀bù, fóònù kò ṣiṣẹ́. Alẹ́ márùn-ún ni wọ́n fẹ́ sùn nínú àgọ́ létí omi yẹn, kí wọ́n máa pẹja, kí wọ́n máa yan án jẹ.

Àwọn ọmọ tó dàgbà sí Peckham, inú yìnyín ilé ìtajà ni wọ́n ti mọ ẹja. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sá tọ Làtíìfù wá. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Apẹja ni bàbá rẹ̀, apẹja ni bàbá bàbá rẹ̀, òun náà sì ti di àjẹ̀ mú lórí ọ̀sà kí ó tó mọ ìwé kọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà tó fi Ẹ̀pẹ́ sílẹ̀, ó ti pé mọ́kànlélọ́gọ́ta báyìí, kò sì fọwọ́ kan ìwọ̀ láti ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù méjì, ó ti ń ka ọ̀rọ̀ adágún aṣálẹ̀ lórí fóònù ju bí àwọn tó ń lọ ṣe ń kà á lọ. Ó mọ̀ pé epìyà wà níbẹ̀. Ó mọ irú afẹ́fẹ́ tó ń jà níbẹ̀ lọ́sàn-án.

"Ẹ má pàgọ́ sójú odò gbígbẹ o," ó tún wí. "Ẹ lè rò pé iyanrìn lásán ni. Òjò lè rọ̀ lórí òkè tó jìnnà, tí ẹ̀yin ò ní rí ẹ̀kán rẹ̀ kan, kí omi wá bá yín lójú oorun."

"Swear down, Uncle?" Yaqub bi í.

"Mo sọ fún ọ. Àgọ́ mélòó lẹ rà?"

"Méjì, Daddy," Habeeb dá a lóhùn.

"Ó dáa. Ẹni méjì, ẹni méjì." Làtíìfù ti pín in lọ́kàn rẹ̀ tipẹ́. Yaqub pẹ̀lú Kọ́lápọ̀, òun pẹ̀lú ọmọ òun.

Habeeb gbé fóònù sókè, ó ń kà á. "Yaqub and Kọ́lá nínú blue one. Èmi àti Ray nínú green one. Ray máa gbé stove wá, so a ò nílò láti ra stove."

"Ta ni Ray?"

"Ray, Daddy. Bàbá Bethany. Ẹ mọ̀ pé ó máa ń pẹja. He's buzzing."

Bethany ni ìyàwó Habeeb. Làtíìfù wo ojú ọmọ rẹ̀ bóyá ẹ̀rín wà níbẹ̀, kò rí ẹ̀rín.

"Ṣé wọ́n ti fi orúkọ yín ránṣẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Fishing permit jáde on Thursday. Èèyàn mẹ́rin péré ni wọ́n gbà, ó ti full."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Làtíìfù wí. Ó dìde, ó ní òun fẹ́ mumi. Ó dé ilé ìdáná, ó ṣí ẹ̀rọ omi, ó dúró tì í, kò gbé ife sábẹ̀ rẹ̀. Ó dùn ún. Ẹ má jẹ́ ká wẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́: ó dùn ún débi pé ó fi ọwọ́ di etí kábíńẹ́ẹ̀tì mú. Nígbà tó yá, ó pa omi, ó padà sí pálọ̀, ó tún jókòó, ó sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa fi iyọ̀ pa ẹja tó bá ṣẹ́ kù. Àgbà kì í bínú dìde láàárín ọmọdé.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, Habeeb wọlé, ó jókòó sórí àga yẹn náà, ó ní, "Daddy, a fẹ́ lọ camping, fishing and that, lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Ṣé ẹ máa bá wa lọ?" Ayọ̀ gba inú Làtíìfù kan. Ṣùgbọ́n kí ni ẹnu rẹ̀ sọ? Ó ní, "Èmi? Kí ni àgbàlagbà ń wá nínú iyanrìn? Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹ máa lọ, jàre." Ó sì rẹ́rìn-ín, ó ń retí kí ọmọ náà ní, "Rárá o, Daddy, ẹ máa bá wa lọ ni o."

Habeeb ní, "Okay, Daddy. No worries." Ó wá bi í léèrè bóyá ó mọ̀ nípa òjé.

Làtíìfù kò rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ní ilé wọn l'Ẹ̀pẹ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe ìbéèrè, ìkíni ni. Ó ń retí ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó fi ìwé ìrìnnà rẹ̀ tó ti kú ránṣẹ́, wọ́n fún un ní tuntun. Ó ra bàtà aláwọ kan tó ga dé ọrùn ẹsẹ̀ ní ọjà Rye Lane, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́wàá lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ níbi tó ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ọ́fíìsì kan. Gbogbo ọjọ́ Àìkú tí àwọn ọmọ náà bá dé, á jókòó, á máa dá wọn lẹ́kọ̀ọ́, á máa wo ẹnu ọmọ rẹ̀.

Kì í ṣe nítorí ẹja. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi wa bọ́ọ̀sì ní ìlú yìí. Tó bá wọlé, Habeeb ti sùn. Tí Habeeb bá jí, òun ti jáde. Ọ̀wọ̀ wà láàárín wọn, kò sí ìjà rí, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ nínú yàrá kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n máa tàn. Làtíìfù ti ronú rẹ̀ pé létí omi tí fóònù kò ti ṣiṣẹ́, nínú àgọ́ kan ṣoṣo, fún alẹ́ márùn-ún, ó di dandan kí bàbá àti ọmọ sọ̀rọ̀. Alẹ́ márùn-ún yẹn ló ń wá. Ìyẹn ni wọ́n gbé fún bàbá Bethany.

Àsúmáù ìyàwó rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Bermondsey dé ní ìrọ̀lẹ́, ó bá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń gé àlùbọ́sà.

"Kí lẹ fẹ́ fi àlùbọ́sà yẹn ṣe?"

"Mo ń gé e ni."

"Mo rí i pé ẹ ń gé e. Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?" Ó bọ́ ìborùn rẹ̀. "Bàbá Habeeb, kí ló ṣe yín?"

"Bàbá Bethany ni wọ́n ń mú lọ."

Àsúmáù rọra fa àga kan, ó jókòó. Iṣẹ́ oúnjẹ sísè ló ń ṣe nílé ìwé àwọn ọmọ kéékèèké, kì í sì í pẹ́ kó tó mọ èyí tó ń sunkún lóòótọ́ láàárín wọn. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ẹ ò lọ?"

"Ìgbà wo ni mo ní mi ò lọ?"

"Ìṣojú mi ni. Ọmọ ní ṣé ẹ máa bá wa lọ, ẹ ní kí ni àgbàlagbà ń wá nínú iyanrìn."

"Ṣé ìyẹn wá túmọ̀ sí pé mi ò lọ?"

"Kí ló túmọ̀ sí?"

"Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, Àsúmáù. Tí o bá dé ilé onílé tí wọ́n ní kí o wá jẹun, ṣé lójú ẹsẹ̀ lo máa ki ọwọ́ bọ oúnjẹ? Wàá ní o ti yó. Wọ́n á ní o ò tíì yó. Wàá tún kọ̀. Wọ́n á fà ọ́ lọ́wọ́, ìgbà yẹn lo tó jókòó. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí."

"Ààbọ̀ lẹ sọ fún un, ààbọ̀ náà ló gbọ́." Àsúmáù gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ilé ìwòsàn Lewisham ni mo bí ọmọ yẹn sí, kì í ṣe Ẹ̀pẹ́. Àwọn tó bá dàgbà síbí, tí wọ́n bá ní àwọn ò jẹun, wọn ò jẹun nìyẹn. Wọ́n á kó oúnjẹ kúrò. Ta ló kọ́ ọ pé tí bàbá òun bá ní òun ò lọ, ó ti di ẹrù rẹ̀ tán?"

"Ìwọ ni ìyá rẹ̀. Ìwọ ló yẹ kó kọ́ ọ."

"Mo ti gbọ́. Èmi ni mo wa bọ́ọ̀sì tí mi ò fi ráyè." Ó sọ ọ́, ojú sì tì í lẹ́yìn tó sọ ọ́. Ó na ọwọ́ sí fóònù rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n pè é. Ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan."

"Má pè é."

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́ o."

"Kó bá mi dákẹ́. Tí o bá pè é, ìwọ lo bẹ̀ mí nìyẹn, kì í ṣe òun. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé òun ló fẹ́ mi níbẹ̀. Àti pé àna mi ni ọkùnrin yẹn. Ṣé kí wọ́n lé àna mi dìde kí èmi lè jókòó? Kí ni wọ́n máa pè mí?"

"Wọ́n á pè yín ní ẹni tó fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ lọ."

"Àsúmáù, mo ní má pè é."

Kò pè é. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọ yàrá lọ láti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kọ ẹsẹ̀ lu nǹkan. Ó tẹ̀ ba, ó fa páálí kan jáde, ó ṣí i, ó rí bàtà aláwọ tí okùn rẹ̀ kò tíì kúrò nínú bébà. Ó pa á dé, ó tì í padà, kò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin tí kò rántí ra bàtà fún ara rẹ̀ láti ọdún mẹ́rin.

Ní Ọjọ́rú, Habeeb pè. Ó ní Ray gbọ́ pé Daddy mọ kókó kan tí wọ́n ń so mọ́ ìwọ̀ tí kì í tú, ṣé ó lè wá kọ́ ọ? Làtíìfù ní kó máa bọ̀. Kí ló tún lè sọ?

Bàbá Bethany dé ní aago mẹ́rin gééré. Ará Bermondsey ni, ó ga, ó pupa, ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kun ilé àwọn ẹlòmíràn, ọ̀dà funfun sì ti bá etí èékánná rẹ̀ gbé. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un. Ó gbé páálí èso dàbínù kan lé Làtíìfù lọ́wọ́. Ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé èèyàn dáadáa ni. Làtíìfù ti wá ìkà lára rẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú, kò rí i.

Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi sọ̀rọ̀, bàbá Bethany kò sì fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

"Kí n tó jókòó," ó wí, "Habeeb ní ìrìnàjò yìí kò wù ọ́. Ṣé òótọ́ ni? Nítorí kò sẹ́ni tó pè mí o. Lọ́jọ́ tó ń sọ ọ́ nílé wa, mo ní, mo fẹ́ lọ, ẹ mú mi lọ. Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ìyàwó mi ní mo jọ ọmọ ọdún mẹ́fà. Mi ò ní fẹ́ kó jẹ́ pé àyè rẹ ni mo gbà."

Mo fẹ́ lọ, ẹ mú mi lọ. Làtíìfù yí ọ̀rọ̀ náà po lẹ́nu láìsọ ọ́ síta. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ó la ẹnu rẹ̀, ó tọrọ ohun tó fẹ́, wọ́n sì fún un. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú bí Làtíìfù sí i, ó sì jowú rẹ̀, kò sì mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Ó yẹ kó sọ ọ́ nígbà yẹn. Ta ló tún máa ṣí ilẹ̀kùn fún èèyàn ju báyìí lọ? Ṣùgbọ́n àna ló wà níwájú rẹ̀, nínú ilé rẹ̀, pẹ̀lú dàbínù, ẹnu tó sì ti ń kọ̀ fún ọgọ́ta ọdún kò lè dédé gbà lọ́sàn-án kan.

"Rárá o," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Oòrùn ibẹ̀ ti pọ̀ jù fún mi. Orúnkún mi náà kò fẹ́ wàhálà."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

Làtíìfù gbé ojú sókè. Ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Ọmọ rẹ̀ kò bi í lẹ́ẹ̀kejì, Òyìnbó Bermondsey ló bi í. "Ó dá mi lójú," ó wí, ó sì ń dúró de ẹlẹ́ẹ̀kẹta, nítorí ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni wọ́n ń dáhùn.

"Ó dáa, ọkàn mi balẹ̀ nígbà náà," ni bàbá Bethany wí. Ó jókòó, ó ṣí àpótí ìwọ̀ rẹ̀.

Làtíìfù sì kọ́ ọ ní kókó náà. Ó mú okùn, ó tì í bọ ojú ìwọ̀, ó lọ́ ọ lẹ́ẹ̀márùn-ún, ó dá orí rẹ̀ padà sínú ihò àkọ́kọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé ohunkóhun. "Fi itọ́ tù ú kí o tó fà á," ó wí. "Tí o bá fà á ní gbígbẹ, okùn á gbóná, á já lọ́jọ́ tí ẹja ńlá bá dé. Bàbá mi máa ń ní ẹja kékeré ni kókó burúkú ń mú." Bàbá Bethany so ó, ó tú. Ó tún so ó, ó tún tú. Nígbà tó yá, ó mú un, ó fà á pẹ̀lú agbára, kò já, inú rẹ̀ sì dùn bí ọmọdé.

"Habeeb náà mọ èyí?" ó béèrè.

"Rárá." Làtíìfù wo kókó náà. "Mi ò tíì kọ́ ọ."

"Má ṣèyọnu. Màá kọ́ ọ tí a bá débẹ̀."

Làtíìfù dìde, ó ní òun fẹ́ wo tíì. Kò tíì gbé omi kaná rárá.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n lọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbáà tán nígbà tí Habeeb tẹ agogo ẹnu ọ̀nà. Ọkọ̀ tó máa gbé wọn lọ sí pápákọ̀ òfurufú Gatwick wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú iná títàn, Yaqub àti Kọ́lápọ̀ wà lẹ́yìn, bàbá Bethany wà níwájú pẹ̀lú fìlà aṣálẹ̀ tuntun lórí. Habeeb nìkan ló gòkè wá, ó fẹ́ gba àdúrà. Ìyẹn ni ìyá rẹ̀ kọ́ ọ, kò sì gbàgbé rẹ̀ rí. Ó tẹ orí ba níwájú bàbá rẹ̀ nínú kọ́rídọ̀, ìdọ̀bálẹ̀ ilẹ̀ London, ìdajì rẹ̀ ìkíni, ìdajì rẹ̀ wíwá ohun tó já bọ́ sílẹ̀.

Làtíìfù gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Àsúmáù wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú ike oúnjẹ tó dì fún wọn. Ó wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀ tó wà lókè yẹn, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́.

"Habeeb," ó wí, "kí o tó ṣàmín, bàbá rẹ fẹ́ bá yín lọ. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n ti gba passport tuntun. Wọ́n ti ra bàtà."

"Àsúmáù."

"Ẹ jẹ́ kó gbọ́. Ẹ bá mi wí tó bá lọ tán."

Habeeb nàró. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀. "Daddy, is that true?"

"Ìyá rẹ ń sọ̀rọ̀ jù."

"Daddy, mo bi yín. Mo jókòó right there, mo bi yín. Ẹ sọ pé no."

"Ìgbà kan lo bi mí."

"Ìgbà mélòó ló yẹ kí n bi yín?"

Ní Ẹ̀pẹ́, ìdáhùn wà fún ìyẹn, ọmọdé ibẹ̀ sì mọ̀ ọ́n kí eyín rẹ̀ tó pé. Nínú kọ́rídọ̀ yìí, pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń dúró nísàlẹ̀, Làtíìfù gbìyànjú láti sọ ọ́, ó sì rí i pé kò ṣeé sọ. "Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mejì," ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Habeeb fi imú rẹ́rìn-ín, kò sí ẹ̀rín nínú rẹ̀. "So when I was in year nine, tí mo ní kẹ́ ẹ wá wo final wa, ẹ ní kí ni àgbà ń wá níbi bọ́ọ̀lù ọmọdé. Ṣé yes nìyẹn? Nígbà tí mo fẹ́ lọ wo university, mo ní ẹ jẹ́ ká jọ lọ, ẹ ní kí n mú ìyá mi. Ìyẹn náà ńkọ́? Mi ò mọ̀, Daddy. Èwo ni no, èwo ni yes? 'Cause I believed you, every single time. Mo kàn rò pé ẹ ò fẹ́ wà pẹ̀lú mi."

Làtíìfù rántí ọjọ́ bọ́ọ̀lù yẹn. Kò sí níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ti rẹ̀ ẹ́, kò sì wù ú láti lọ dúró sínú òtútù, ó kọ̀, ó sùn. Ó kọ̀ lóòótọ́. Ní ti yunifásítì, ó fẹ́ lọ, ó fẹ́ lọ gan-an, ó kàn ń retí kí wọ́n fà á lọ́wọ́ ni. Ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ̀rín kan náà ló fi kọ méjèèjì. Báwo ni ọmọ ṣe máa mọ̀? Òun gan-an tó sọ ọ́, ó di dandan kó jókòó ronú kó tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Láti ọjọ́ Àìkú ló ti ń bínú sí ọmọ pé kò gbọ́ Yorùbá tán, ọmọ sì ti gbọ́ gbogbo ohun tó sọ, ó gbà á gbọ́, ó gbé e lọ, ó fi dàgbà.

Fèrè ọkọ̀ dún lẹ́ẹ̀kan nísàlẹ̀.

"Mo lè sọ fún Ray," ni Habeeb wí. Ó ti ń wo aago. "I don't know. Bóyá..."

"Orúkọ tiẹ̀ ló wà nínú ìwé. Má sọ nǹkan kan fún un."

"Next year nígbà náà. Èmi àti ẹ̀yin nìkan, just us. Ṣé ẹ máa wá, Daddy?"

Ó béèrè, ó sì dúró, ó tẹjú mọ́ ẹnu bàbá rẹ̀, ìpayà sì wà lójú rẹ̀ nítorí kò tún mọ irú ìdáhùn tó máa gbọ́. Làtíìfù ní gbogbo ìdáhùn náà lẹ́nu. Tí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí. A ó máa wò ó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́. Wọ́n tò sẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń dúró kó kàn la ẹnu kí wọ́n jáde. Ó gbé wọn mì.

"Mo fẹ́ lọ," ó wí. "Kì í ṣe ti ọdún tó ń bọ̀. Èyí. Èyí ni mo fẹ́ bá ọ lọ."

"Daddy, kò sí—"

"Mo mọ̀ pé kò sí àyè mọ́. Mi ò sọ ọ́ kí o lè wá nǹkan ṣe sí i. Ó yẹ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni, kì í ṣe lẹ́nu ìyá rẹ."

Habeeb jọ ẹni tó fẹ́ súnmọ́ bàbá rẹ̀, kò sì súnmọ́ ọn, wọn kò mọ̀ ọ́n ṣe láàárín ara wọn. "Okay," ó wí. Ó tún wí i, "Okay, Daddy." Ó gba ike oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó wá rántí ohun tó torí rẹ̀ gòkè wá, ó tún tẹ orí ba.

Làtíìfù gbé ọwọ́ sókè. Ó bẹ Ọlọ́run pé kó mú wọn lọ láyọ̀, kó mú wọn bọ̀ láyọ̀, kí omi má gbé wọn, kí aṣálẹ̀ má sọ wọ́n nù. Ó dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí àwọn bàbá ṣe ń ṣe. Habeebullah. Yaqub. Kọ́lápọ̀. Ó dákẹ́ níbẹ̀. Àsúmáù gbé ojú sókè wò ó. Làtíìfù wá dárúkọ Ray, ketekete, níbi tó yẹ kí orúkọ ẹni kẹrin wà.

"Àmín," ni ọmọ rẹ̀ wí, ó sì sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn.